Owó Tí Ìyá Mi Máa Fi Lọ sí Yunifásítì
Lọ́dún yìí, èmi àti ìyá mi la jọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Owó ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí àwa méjèèjì bá yege, owó ilé wa kò lè gbé ẹni méjì. Ìdí nìyí tí mo fi wá inú ìtàn lọ wo bí àwọn àgbàlagbà ìgbà kan ṣe rówó kàwé.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, bàbá rẹ̀ sì kú ní 1920. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ra kòkó tà, ó fi ọkọ̀ ṣòwò. Ilé níbí ló jókòó sí tó fi ka ìwé gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944. Òfin ló tún fẹ́ lọ kọ́. Ní 1943, ó kọ lẹ́tà sí oníṣòwò ńlá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kó yá òun ní 1,400 pọ́n-ùn. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì ń tọrọ owó ilé ẹ̀kọ́! Kò rí i gbà. Síbẹ̀, ó lọ sí London ní 1944, ó sì di lọ́yà ní 1946. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ló dúró sílé tó ń ṣòwò, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ. Wọ́n máa ń sọ pé Awólọ́wọ̀ ló rán ara rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Lójú tèmi, àwọn méjì ló rán an.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní 1972, ìjọba ológun dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ní 1993, wọ́n sọ ọ́ di báǹkì. Ọ̀pọ̀ tó yáwó kò san án padà, báǹkì náà kò sì tọ́jọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó tuntun, èyí tí NELFUND ń bójú tó. Kò ní èlé, ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba bá ti gbà ọ́ wọlé. Owó fọ́ọ̀mù, owó ìwé, owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán lápò kí ẹ̀yáwó tó dé. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n ní, “Gbèsè tí mi ò mọ ojú ẹni tó ni ín, ta ni mo fẹ́ bẹ̀ bí n kò bá rí i san?”

Èsúsú ni wọ́n mọ̀. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Aránṣọ méjìlá ló wà nínú ti ìyá mi. Olúkúlùkù ń dá 10,000 náírà lóṣù, ẹnì kan á sì kó 120,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìgbaniwọlé.

Oṣù kẹsàn-án ló kan ìyá mi. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa náwó náà lé lórí. Wọ́n ní kí n lọ kàwé mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí ìwé èsúsú wọn lórí maṣíìnì ìránṣọ. Níwájú oṣù kẹsàn-án, wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n fa ilà pa á, wọ́n wá kọ orúkọ àwa méjèèjì sábẹ́ rẹ̀.