Ìbẹ̀rù Ìgbì Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 2001: Ìtàn, Ẹ̀rí àti Ojúṣe Olùkọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí fi hàn bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe máa ń so ohun méjì tó tẹ̀ lé ara wọn pọ̀, tí yóò sì sọ èkínní di okùnfà èkejì. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọdún 2001 ni irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé lórí òpó gogoro tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń gbé kalẹ̀ láàrin ìlú. Wọ́n gbé òpó kalẹ̀ lánàá, orí ń fọ́ ìyá àgbà lónìí, ta ni kò mọ̀ pé òpó ni?

Bébà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìbẹ̀rù náà ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá bí ó ṣe kan irú ìlú bí Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó pọ̀ sójú kan. Èkínní ni àhesọ. Èkejì ni àìlera tí ara ń ní lóòótọ́. Ẹ̀kẹta ni ìnira tí òpó ń mú wá láti ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ sí ìgbì. Bí olùkọ́ kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, yóò fi ẹni tí ara ń ni ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí ó bá wọn tan àhesọ kálẹ̀. Èkínní burú, èkejì kò sàn jù ú lọ.

Kí ni Àìfaradà Ìgbì?

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ló ní agbára kan ní àyíká rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, amóhùnmáwòrán àti fóònù alágbèéká ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìgbì tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri àgbáyé tí wọ́n gbà pé ara àwọn kò gba ìgbì yìí. Wọ́n ní bí àwọn bá ti súnmọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orí a máa fọ́ àwọn, oorun a máa dá lójú àwọn, àyà a máa já, àwọ̀ ara a sì máa ta wọ́n. Ohun tí a ó máa pè ní àìfaradà ìgbì nínú bébà yìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láàrin ọdún 1950 sí 1970, àwọn oníṣègùn ní Sófíẹ̀tì ìgbà náà ti kọ àkọsílẹ̀ nípa irú àpẹẹrẹ àìsàn bẹ́ẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ rédà. Ní ọdún 1980 sí 1990, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Norway àti Sweden ń ráhùn pé ojú kọ̀ǹpútà ń mú kí awọ ojú àwọn máa ta àwọn. Ní ọdún 2002, Gro Harlem Brundtland, oníṣègùn tó ti ṣe olórí ìjọba Norway rí, tó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àkókò náà, sọ fún gbogbo ayé pé fóònù alágbèéká máa ń mú kí orí fọ́ òun. Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀wé ló ń fa irú ẹ̀sùn yìí, kí ó rántí obìnrin náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Prague ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, àjọ náà gbé ìpinnu rẹ̀ jáde. Ó ní òótọ́ ni ìrora àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì lè le débi pé kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì tó so ìrora náà mọ́ ìgbì. Ó yẹ kí a di gbólóhùn méjèèjì mú papọ̀.

Láti Ojú Irin dé Òpó Àárín Ìlú

Àwọn ìlú wa ti ń bá ẹ̀rọ ìránṣẹ́ gbé pọ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ London. Ojú irin dé Ọ̀fà ní nǹkan bí ọdún 1908, wáyà tẹlígíráàmù sì ń bá ojú irin rìn. Ní ọdún 1935, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì onírin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ jìnnà sí ibùgbé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wáyà ń tẹ̀ lé ojú irin, òpó amóhùnmáwòrán sì dá dúró ní àyè tirẹ̀.

Ọdún 2001 ló yí èyí padà. Ní oṣù Kíní ọdún náà ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ta ìwé-àṣẹ ẹ̀rọ alágbèéká ní mílíọ̀nù 285 owó dọ́là fún ìkọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Globacom sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2003. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ.

Bí ẹ̀rọ alágbèéká ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ níbí. Fóònù kékeré kò lè rán ìgbì jìnnà. Nítorí náà, wọ́n ní láti pín ìlú sí ẹkùn wẹ́wẹ́, kí òpó sì wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni òpó yóò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí òpó fi wọ àárín ilé, ẹ̀bá ọjà àti itòsí ilé-ìwé. Ní ìlú bí Ọ̀fà, tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1992, kò sí bí òpó kò ṣe ní súnmọ́ ibùgbé. Ohun tó wà lókèèrè tẹ́lẹ̀ di aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Àhesọ Ọdún 2004 àti ti Ọdún 2020

Ní oṣù Keje ọdún 2004, ìròyìn gba orílẹ̀-èdè yìí kan pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá dáhùn ìpè láti orí wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀ láti gbé fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣàjèjì. Àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí irọ́ náà fi rọrùn láti gbà? Yorùbá ti mọ àpèta ṣáájú kí fóònù tó dé. Wọ́n gbà pé a lè pe ènìyàn lórúkọ láti ibi tó jìnnà, kí a sì ta á lọ́fà àìrí bí ó bá jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kí ó má ṣe jẹ́. Fóònù alágbèéká sì rèé, ohùn tí kò ní ojú, tó ń pe ènìyàn nínú àpò rẹ̀. Èrò àtijọ́ ló wọ aṣọ tuntun.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, àhesọ mìíràn gbòde pé ìgbì 5G ló ń fà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan dáná sun òpó ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ṣàlàyé pé ìdánwò ránpẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe ní ọdún 2019, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ 5G. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n tó ta ìwé-àṣẹ náà fún MTN àti Mafab, nígbà tí àrùn náà ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ láàrin wa. Bí a bá fi òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ wò ó, ọmọ ti kú kí àjẹ́ tó ké rárá.

Ohun tí Ìdánwò Fi Hàn

Àhesọ yàtọ̀ sí ìrora. Ẹni tó ní orí ń fọ́ òun kò purọ́. Ìbéèrè ni pé ṣé ìgbì ló fà á? Àwọn olùwádìí ti wá ọ̀nà tó rọrùn láti dáhùn. Wọ́n a tan ìgbì, wọ́n a sì pa á, láìjẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń dán wò tàbí ẹni tó ń bi í léèrè mọ ìgbà tó wà ní títàn. Ní King’s College, London, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2006 lo ènìyàn 60 tó gbà pé fóònù ń dun àwọn àti 60 mìíràn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbì wà, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ráhùn ló ní àwọn mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí kò sí ìgbì rárá, ìdá 63 ló ní ó wà. Orí fọ́ wọn ní ìgbà méjèèjì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2010, wọ́n ti kó irú ìdánwò 46 jọ, tó kan ènìyàn 1,175. Àpapọ̀ rẹ̀ kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni lè dá ìgbì mọ̀ tàbí pé ìgbì ló ń fa ìrora náà.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìrètí ibi nìkan tó láti mú kí ara ro ènìyàn. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí Yorùbá, tó mọ̀ pé àyà jíjá lè sọ ara tó le di ọ̀lẹ.

Ohun tó wà Nídìí Òpó

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Òpó ti ilẹ̀ wa kò rí bíi ti London. Nítorí pé iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù ló máa ń wà nídìí ọ̀pọ̀ òpó, tí yóò máa dún tọ̀sán-tòru, tí yóò sì máa tú èéfín. Ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, tó ní òun kì í rí oorun sùn, tí orí sì ń fọ́ òun, ariwo àti èéfín tó láti ṣe é bẹ́ẹ̀ kí a tó dárúkọ ìgbì.

Àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èyí tó tóbi jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, wọ́n fi ìgbì irú ti fóònù sí ìpele 2B, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó, tó kàn ṣeé ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, wọ́n fi èéfín dísù sí ìpele 1, èyí tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn àjọ ìjọba tiwa pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Ìlànà NCC ti ọdún 2009 ní kí òpó jìnnà sí ilé ní mítà 5, òfin àjọ àyíká NESREA ti ọdún 2011 sì ní mítà 10. Bí ará àdúgbò bá fi ìgbì ṣe ẹjọ́, wọn yóò fi ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì dá a lẹ́bi. Bí ó bá fi ariwo, èéfín àti ìwọ̀n mítà ṣe é, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ láti pa làpálàpá ni ìjà ìgbì.

Ojúṣe Olùkọ́

Ewu mìíràn tún wà. Orí fífọ́, àìrí oorun sùn àti àyà jíjá lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tó bá ti gbà pé òpó ni, kò ní lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Nítorí náà, a dábàá pé:

(i) kí olùkọ́ má ṣe fi ẹni tó bá ń ráhùn ṣe ẹlẹ́yà; kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì gbà á níyànjú láti lọ rí oníṣègùn;
(ii) kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ọjọ́ tí òpó dé, ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀;
(iii) kí ó fi fóònù inú àpótí, tó wà ní títàn tàbí pípa, ṣe ìdánwò ní kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn rí bóyá ara wọn mọ ìyàtọ̀;
(iv) kí ó kọ́ wọn ní ìlànà tó de òpó gbígbé kalẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ará ìlú ni.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbẹ̀rù ìgbì ní ilẹ̀ Yorùbá ní gbòǹgbò nínú ìgbàgbọ́ nípa agbára àìrí, nínú bí òpó ṣe wọ àárín ilé láìgbàṣẹ, àti nínú ìnira tí jẹnẹrétọ̀ ń fà. Ìgbì ni wọ́n ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀rí rẹ̀ kéré jù. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí a óò bá sì wo àìsàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí ohun tó fà á. Ọmọ tó kú lónìí yẹ fún ìwádìí tó ju igbe àjẹ́ àná lọ.