Ràṣídì Yẹkínì: Ọmọ Ìrá Tó Fi Bọ́ọ̀lù Jẹun Nílẹ̀ Òkèèrè

Ràṣídì Yẹkínì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Góòlù 37 ló gbá fún orílẹ̀-èdè yìí, ó sì lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ Super Eagles sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ iye náà. Láti 1987 títí wọ 2002, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń jẹun: Côte d'Ivoire, Pọtogí, Gíríìsì, Sípéènì, Switzerland, Tùnísíà àti Sáúdí Arébíà.

Bí a bá to ìrìn àjò yìí kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan kan fara hàn. Níbi tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, góòlù kì í wọ́n. Níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n, tàbí tí wọn kò fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ kan náà yẹn kò rí nǹkan gbé ṣe. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Kò sí iṣẹ́ tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó iṣẹ́ atamátàsé tó wà lẹ́yìn odi.

Àwọn tó la ọ̀nà

Kí Yẹkínì tó lọ, àwọn kan ti lọ. Ní 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti bá àwọn kíláàbù ibẹ̀ figagbága, ẹsẹ̀ lásán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Tẹsilímì Balógun, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe le tó, wà láàárín wọn. Ní 1955 ó padà sí Ìlú Ọba lọ bá Peterborough United, nígbà tó sì di 1956 ó wọ Queens Park Rangers ní London. Báyìí ló ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà wálé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì kú ní 1972. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápá ìṣeré ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Sùúrùlérè.

Ọ̀nà tí ìran Yẹkínì gbà yàtọ̀ sí ti Balógun. Ní 1985, Stephen Keshi, tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ti dá dúró nílé, kọrí sí Àbíjàn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, ó bọ́ sí Africa Sports, ibẹ̀ ló sì ti kọjá sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹni tó bá dé Àbíjàn lè dé Yúróòpù, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Yẹkínì wà lára wọn.

Kàdúná, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta

Ọmọ Ìrá ni Yẹkínì, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ìtàn Yorùbá so mọ́ Ọya, aya Ṣàngó. Ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1963. Kàdúná ìgbà náà kún fún ilé iṣẹ́ aṣọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀kan nínú wọn, UNTL, ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981.

Ní 1982 ó bọ́ sí Ìbàdàn, ó di ọmọ Shooting Stars. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì Nàìjíríà ní 1983, ìyẹn sì gbé wọn wọ ìdíje àwọn akọni kíláàbù Áfíríkà. Wọ́n bá a dé àṣekágbá ní 1984, ṣùgbọ́n Zamalek ti Íjíbítì gbá wọn 2-0 ní Cairo, ó sì tún na wọ́n 1-0 l'Ékòó. Ìdíje yẹn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, fi dágbére fún bọ́ọ̀lù. Góòlù 23 tí Ọdẹ́gbàmí gbá fún Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù kí Yẹkínì tó dé.

Láti Ìbàdàn, Yẹkínì lọ sí Abẹ́òkúta, sínú Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985 àti ní 1987. Ó ti di gbajúmọ̀ nílé nígbà náà. Kódà láti 1984 ló ti wà nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè tó gba ipò kejì nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà.

Àbíjàn: àtẹ̀gùn àkọ́kọ́

Africa Sports ló gbé e kúrò nílé ní 1987. Àbíjàn kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Ó pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ní ẹsẹ̀ kan ní Èjìgbò, ẹsẹ̀ kejì ní Àbíjàn. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé máa ń gbọ́ Yorùbá lọ́jà, yóò rí oúnjẹ ilé rà, yóò sì rí ẹni bi léèrè ọ̀nà kó tó mọ Faransé sọ. Yẹkínì ṣe ọdún mẹ́ta níbẹ̀, Africa Sports sì ń gba líìgì Côte d'Ivoire lásìkò náà. Ní 1990, àwọn ará Pọtogí wá mú un.

Setúbal: ibi tó ti dé góńgó

Ìlú etíkun ni Setúbal, lẹ́nu odò Sado, níhà gúúsù Lisbon. Ẹja sàdíìnì ni wọ́n fi mọ ìlú náà láyé àtijọ́. Vitória, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó bíi Benfica, Porto tàbí Sporting. Pápá Bonfim ni ilé wọn, aṣọ wọn jẹ́ àwọ̀ ewé àti funfun, gẹ́gẹ́ bí àsíá Nàìjíríà.

Ọdún àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Yẹkínì gbá góòlù 13, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà já sí líìgì kejì ní 1991. Ọ̀pọ̀ àjèjì ni ì bá ti wá ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n ó dúró. Ní sáà 1991 sí 1992 ó gbá 22. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ó gbá góòlù 34 nínú eré 32, Vitória sì padà sí líìgì àgbà. Àwọn kan rò pé líìgì kékeré ló jẹ́ kó rọrùn fún un. Èsì wọn dé ní sáà 1993 sí 1994, nígbà tó gbá góòlù 21 nínú líìgì àgbà, tí kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Pọtogí tó gbá tó bẹ́ẹ̀. Kó tó lọ ní 1994, góòlù líìgì rẹ̀ fún Vitória ti di 90.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí ọ̀rọ̀ àjèjì ṣe rí nígbà náà. Iye àwọn àjèjì tí kíláàbù Yúróòpù lè fi sórí pápá níwọ̀n, mẹ́ta ni ó sì wọ́pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọ̀kan nínú àyè mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ ṣe ju ọmọ onílé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Bosman, ti oṣù Kejìlá ọdún 1995, tú okùn yìí fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ṣì jẹ́ àjèjì.

Kí ló jẹ́ kí Setúbal bá a mu? Yẹkínì ga, ó sígbọnlẹ̀, ìgbá rẹ̀ sì le. Kì í ṣe ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá kó máa fi tan ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n ti bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, sẹ́yìn àwọn adènà, kó sáré bá a, kó sì yìn ín. Vitória fi eré wọn ṣe èyí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́rin. Nítorí ohun tó ṣe ní 1993 ni wọ́n ṣe fún un ní oyè agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, inú kíláàbù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló sì wà.

Tunis àti Dallas

Ọdún 1994 ni ọdún rẹ̀. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Tùnísíà, góòlù márùn-ún ló gbá, òun ló sì gbá jù. Irú rẹ̀ ló ṣe ní Senegal ní 1992, nígbà tó gbá mẹ́rin. Nàìjíríà na Zambia 2-1 ní àṣekágbá, Emmanuel Amunike ló gbá méjèèjì wọlé. Bí a bá ka gbogbo ìdíje náà tó kópa nínú rẹ̀ láti 1984, góòlù 13 ni tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní pápá Cotton Bowl ní Dallas, Nàìjíríà gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Bulgaria ló kò. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George gba apá ọ̀tún wọlé, ó sì fa bọ́ọ̀lù náà wá síwájú ilé. Aṣọ́lé ti ṣìnà. Yẹkínì sáré dé, ó ti bọ́ọ̀lù náà wọlé láti ìtòsí, eré tó ń bọ̀ wá sì gbé òun náà wọnú àwọ̀n. Kò jáde. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó di í mú, ó ń mì ín, ó ń pariwo, omijé sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Àwòrán ọwọ́ méjì tó yọ lójú àwọ̀n yẹn ló di àmì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà lójú aráyé. Góòlù tó rọrùn gbá ni. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù náà wá ni kò jẹ́ kó le, Yẹkínì sì ni ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí òun wà.

Daniel Amokachi àti Amunike fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, Nàìjíríà na Bulgaria 3-0, ó sì ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀. Ítálì ló lé wọn wálé ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 2-1, lẹ́yìn àfikún àkókò. Yẹkínì kò tún gbá góòlù mìíràn nínú ìdíje náà.

Láti Piraeus dé Riyadh

Olympiacos ti Piraeus, ẹgbẹ́ ńlá ní Gíríìsì, ló gbà á lẹ́yìn Dallas. Owó pọ̀ níbẹ̀, orúkọ kíláàbù náà sì tóbi ju Vitória lọ fíìfíì. Àmọ́ kò pẹ́ tí nǹkan fi yí bìrí. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọ̀, bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń dé ní Bonfim, ìpalára náà sì dá sí i. Eré líìgì tó gbá níbẹ̀ kò pọ̀. Ní 1995 ó bọ́ sí Sporting Gijón ní Sípéènì, ibẹ̀ náà kò sì so èso. Ó padà sí Setúbal ní 1997, ṣùgbọ́n àwọn tó bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti tú ká.

FC Zürich ní Switzerland ló tún gbé e dìde. Góòlù 14 ló gbá fún wọn ní sáà 1997 sí 1998, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà. Nàìjíríà tún pè é sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní France ní 1998. Lẹ́yìn ìyẹn ó dé Bizerte ní Tùnísíà, ó dé Al-Shabab ní Riyadh, ó sì padà sí Africa Sports, níbi tí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Ní 2003 ó wà nínú Julius Berger l'Ékòó. Ní 2005, ẹni ọdún 41, ó tún wọ aṣọ Gateway ní Abẹ́òkúta kó tó jáwọ́ pátápátá. Ìbàdàn ló fi ṣe ibùgbé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń yẹra fún àwùjọ, àwọn tó bá a gbá bọ́ọ̀lù kì í sábà rí i mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó kú ní ẹni ọdún 48. Ìrá ni wọ́n sin ín sí.

Ikú rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bèèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti bèèrè kó tó kú: ta ló ń bojú tó agbábọ́ọ̀lù nígbà tí pápá bá ti pa rọ́rọ́? Kíláàbù òkèèrè kò jẹ ẹ́ ní gbèsè mọ́ lẹ́yìn tí ìwé àdéhùn bá ti parí. Nílé, àjọ bọ́ọ̀lù ń wá ẹni tí yóò gbá góòlù lọ́la. Ẹni tó ti gbá tirẹ̀ wá ku òun nìkan.

Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń lọ, láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti Ìlọrin. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin aṣojú agbábọ́ọ̀lù, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ má bèèrè owó nìkan. Ẹ bèèrè irú eré tí kíláàbù náà ń gbá, bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń pè é yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé, àti ẹni tí yóò máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nílé àjèjì. Bó bá padà dé, tí kò lè sáré mọ́, ẹ máa lọ kàn án lára. Nàìjíríà jẹ Ràṣídì Yẹkínì ní gbèsè yìí, kò sì san án. Kó má tún jẹ ẹlòmíràn.