Láti Àgádágodo Bramah Dé Èyí Tí Fóònù Ń Ṣí

Láti nǹkan bíi ọdún 1790 ni àgádágodo kan ti wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Joseph Bramah ní Piccadilly, nílùú London. Pátákó tó wà lára rẹ̀ ṣèlérí gíní 200 fún ẹni tó bá lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bramah kú ní 1814, kò tíì sí ẹni tó gbowó ọ̀hún. Ní 1851, ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Charles Hobbs, wá síbi Ìpàtẹ Ńlá ní London. Ìṣẹ́jú 25 péré ló fi tú àgádágodo Chubb táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn. Ó wá kọjú sí ti Bramah. Wákàtí 51 ló fi jókòó tì í, láàárín ọjọ́ 16, kó tó ṣí. Wọ́n sanwó fún un.

Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ní Hobbs ń kọ́ olè níṣẹ́. Ìwé kan tí wọ́n kọ láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1853 fèsì pé olè ti mọ̀ ṣáájú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: onílé tó ń sùn fọkàn balẹ̀ gan-an ló yẹ kó gbọ́.

Kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ eléyín tó wà lápò ọ̀pọ̀ wa lónìí, iṣẹ́ Linus Yale Kékeré ará Amẹ́ríkà ni, ní 1861 àti 1865. Àwọn irin tíńtìntín wà nínú ihò rẹ̀ lórí sípíríǹgì. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn dé ibi tó yẹ, àfi tí gbogbo wọn bá débẹ̀ kó tó lè yí.

Kí fóònù tó máa ṣí ilẹ̀kùn, ilé ti ń gbọ́ àṣẹ láti òkèèrè: ní 1975, ilé-iṣẹ́ Pico Electronics ní Glenrothes, ní Scotland, ṣe X10, tó ń gba inú wáyà iná mànàmáná pàṣẹ fún gílóòbù. Lẹ́tà 16 péré ló wà fún ilé, A dé P. Aládùúgbò tó bá yan lẹ́tà kan náà lè ṣèèṣì pa iná yín. Kò ṣeé fi ti ilẹ̀kùn rárá.

Ìgbì rédíò ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ Zensys ní Denmark ló gbé Z-Wave jáde, ìlànà táwọn ẹ̀rọ inú ilé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì. Zigbee, ìlànà mìíràn bẹ́ẹ̀, tẹ̀ lé e. Bátìrì kéékèèké tó ń gbé àgádágodo ró kì í tètè kú lórí àwọn méjèèjì bó ṣe ń kú lórí Wi-Fi, ẹ̀rọ kan sì lè bá èkejì jíṣẹ́ títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbì 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò ni Zigbee sábà máa ń lò. Ti Z-Wave yàtọ̀: 908 MHz ní Amẹ́ríkà, 868 ní Yúróòpù. Ẹni tó bá ra ti Houston ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London, àgádágodo náà kò ní gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ilé ẹ̀gbọ́n ń sọ.

Àwọn Hobbs tuntun kò sì pẹ́ dé. Lọ́dún 2013, Behrang Fouladi àti Sahand Ghanoun fi hàn níbi Black Hat, ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ní Las Vegas pé àgádágodo Z-Wave kan máa ń gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí tuntun lọ́wọ́ àlejò láìbi í léèrè ẹni tó jẹ́. Lásìkò tí wọ́n bá ń so ẹ̀rọ tuntun mọ́ ilé pàápàá, kóòdù tó jẹ́ òdo látòkèdélẹ̀ ni wọ́n fi ń bo kọ́kọ́rọ́ àṣírí náà. S2, ètò ààbò tuntun fún Z-Wave tó jáde ní 2016, tún èyí ṣe: onílé ní láti tẹ nọ́ńbà márùn-ún tó wà lára ẹ̀rọ. Ní 2018, Pen Test Partners, ilé-iṣẹ́ tó ń dán ààbò ẹ̀rọ wò ní Britain, tún fi hàn pé wọ́n lè tan S2 padà sí ti àtijọ́ lásìkò ìsopọ̀ náà.

Olè nìkan kọ́ ló sì ń báni lẹ́rù. Ní oṣù Kẹjọ 2017, ilé-iṣẹ́ alágádágodo LockState ní Amẹ́ríkà fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àgádágodo àwọn oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́. Nǹkan bíi 500 ló kọ̀ nọ́ńbà tí onílé ń tẹ̀.

Matter, tí Apple, Google àti Amazon jọ fọwọ́ sí, jáde ní oṣù Kẹwàá 2022 kí ẹ̀rọ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ lè gbọ́ra wọn yé. Ó dára, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà léèrè ìgbì tó ń lò, ẹ bi í bóyá S2 ni tó bá jẹ́ Z-Wave. Èyí tí kò bá sì ní ihò fún kọ́kọ́rọ́ onírin, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.