Ààlà Tó Wà Nínú Orin Kan

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: bó ti wù kí baba àti ọmọ fẹ́ràn ara wọn tó, oníkálukú ní láti mọ ibi tí ebè tirẹ̀ parí sí. Oko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ àdàkọ tí oníṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ebè, kò sì sí pèrègún tí a gbìn sí ààlà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kọjá ààlà láìfura.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya, omi sì bo Fori àti ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn ní Màídúgùrì. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, àwòrán òrùlé tó yọrí nínú omi àti ti àwọn tó gbé ọmọ kọ́ èjìká ti wà lórí fóònù káàkiri ayé. Mélòó nínú wọn ló rìn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á? Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn pé ta ló ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni, àwọn mìíràn á ní ilé iṣẹ́ ìròyìn tó kọ́kọ́ gbé e jáde ni, èyí tó pọ̀ jù á ní ó ti di ti gbogbo ayé. Kò sí ìkankan tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó dúró sínú omi dé ìbàdí, tó na fóònù sókè tó sì tẹ̀ ẹ́, òun ló ni ín láti ìṣẹ́jú tó ti tẹ̀ ẹ́, bí kì í bá ṣe agbanisíṣẹ́ ló rán an níṣẹ́.

Kò nílò kó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àti olórin ló rò pé iṣẹ́ tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá kò ní ààbò. Ìforúkọsílẹ̀ wà, ó sì dára láti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lásán ni. Kì í ṣe òun ló ń bí ẹ̀tọ́ náà. Àjọ tó ń mójú tó o ni Nigerian Copyright Commission. Àwọn ènìyàn máa ń ṣì í mú fún Nigerian Communications Commission tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, nítorí NCC ni ìkékúrú orúkọ àwọn méjèèjì.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ti Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1911 ni a kọ́kọ́ lò. Ìjọba ológun ṣe tiwọn ní 1970, wọ́n tún un ṣe ní 1988. Èyí tó wà lóde báyìí ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023.

Orin ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Màídúgùrì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì fún àwọn awakọ̀: orin Kànúrí, ti Hausa, ti Íńdíà, àti àpàlà fún àwa Yorùbá tó ń ṣòwò lókè ọ̀hún. Awakọ̀ sanwó, ó ti mẹ́mọ́rì rẹ̀ bọ inú rédíò ọkọ̀, ó gbà pé òun ti ra orin. Mẹ́mọ́rì yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Ohùn tó ń jáde nínú rẹ̀ ní oní-nǹkan mìíràn, ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí wọ́n kọ sínú ìgbàsílẹ̀ náà sì tún ní oní-nǹkan tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwo Oroki Social Club tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, gbé jáde ní 1971. Orin tí baba náà kọ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, òfin sì ní kí ẹ̀tọ́ yẹn wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Hárúnà kú ní 1983, nítorí náà ó di ìparí ọdún 2053 kí orin náà tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé e fún. Ọ̀tọ̀ ni ti ìgbàsílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó san owó rẹ̀, ọdún 50 ni òfin sì fún un, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwo náà jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ti parí ní òpin 2021. Ẹni tó bá ń ṣe àdàkọ àwo 1971 yẹn lónìí kò jẹ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní nǹkan kan, ó sì tún ń jẹ ẹni tó ni orin ní gbèsè. Àwọn tó ń sọ pé orin àtijọ́ ti di ọ̀fẹ́ kò parọ́ tán, wọn kò sì sọ òtítọ́ tán. Bí ọ̀dọ́ olórin kan bá sì tún orin yẹn kọ lónìí pẹ̀lú ìlù tuntun, ìgbàsílẹ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ 50 ọdún tirẹ̀ nìyẹn, lórí orin tí kì í ṣe tirẹ̀.

Hárúnà fúnra rẹ̀ mọ ibi tí owó wà. Ní 1969, òun àti olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, I.K. Dairo, dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ìgbàsílẹ̀ pẹ̀lú orin. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń kọrin lónìí, tí fóònù wọn tó ilé ìgbohùnsílẹ̀, ń fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà, wọ́n sì ń kó méjèèjì fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà.

N kò sọ pé àdàkọ burú. Ilẹ̀ Bọ̀nú tí Màídúgùrì jẹ́ olú ìlú rẹ̀ kì bá tí ní ìtàn tó kún tó báyìí bí kò bá sí àwọn adàwékọ. Ahmad ibn Furtu, ìmáàmù Mai Idris Aloma, kọ ìtàn ogun ọba rẹ̀ ní àwọn ọdún 1570. Àdàkọ ọwọ́ ìwé náà ni Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, rí gbà níbẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà. Orúkọ Ibn Furtu kò jábọ́ lójú ọ̀nà. Òfin òde òní náà fi àyè sílẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́, ìwádìí, àríwísí àti ìròyìn, bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n dídárúkọ oníṣẹ́ kì í ṣe gbígba àṣẹ. Ẹ̀tọ́ méjì ni, òfin sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníṣẹ́ lè ta èyí tó ń mówó wọlé. Èyí tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni nígbà tó wà láàyè. Ẹni tó ka ìwé Fágúnwà sí ẹ̀rọ, tó gbé e sórí YouTube, tó sì pe orúkọ Fágúnwà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣì ń bẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ títí di òpin 2033, nítorí 1963 ni baba náà kú.

Ààlà tí òwe náà ń wí nìyí. Ayafọ́tò Fori tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, kó sì tọ́ka sí ibi tó wà. Wọ́n á fi tó ẹni tó gbé e síbẹ̀ létí. Bí onítọ̀hún kò bá rí àwíjàre láàárín ọjọ́ 10, wọ́n ní láti yọ ọ́. Lórí WhatsApp, níbi tí fọ́tò ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Fún ìdí èyí, kó tọ́jú fọ́tò gan-an bó ṣe jáde nínú ẹ̀rọ, nítorí ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú rẹ̀ máa ń parẹ́ bí a bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán. Bí ilé iṣẹ́ ìròyìn bá sì fẹ́ rà á pátápátá, àfi kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí àdéhùn ẹnu kò lè gbé ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sì wà ní Màídúgùrì.