Àjẹsára: Ìtàn Ara Líle ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òwe yìí fi ipò ìlera hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ìlera fúnra rẹ̀ ti ń wá. Ìbéèrè yìí ni àwọn ará etí òkun Àgbádárìgì ti ń fi ẹ̀mí dáhùn láti ìgbà pípẹ́ wá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń mú ara le. Àwọn kan ní oúnjẹ ni, àwọn kan ní àgbo ni, àwọn mìíràn sì ní abẹ́rẹ́ nìkan ni. Bí a bá wo ìtàn etí òkun yìí dáadáa, a ó rí i pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ibi tí a ń gbé, ohun tí a ń jẹ, àti ohun tí a gbà sí ara kí àrùn tó dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbé ìlera ró. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù.

Àgbádárìgì tẹ̀dó sí àárín omi. Ọ̀sà ni ó wà ní iwájú ìlú. Ilẹ̀ oníyanrìn Gberefu wà ní òdìkejì, òkun ńlá sì ń ru ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, àti àwọn Àwórì ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè náà. Ẹja pípa, oko ṣíṣe àti àgbọn ni wọ́n fi ń jẹun. Irà àti àbàtà kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó ẹrú lọ sí òkè òkun, láti ọjà Vlekete títí dé etí òkun Gberefu. Ibi tí a bá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí nínú ẹ̀wọ̀n àti ebi, àrùn a máa tètè ràn níbẹ̀. Ẹnu ibodè ni ìlú náà jẹ́. Ohun rere àti ohun búburú ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn òyìnbó tí ó gba ibodè yìí kọjá kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ agbára ibà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ Ilé àti Sókótó. Kí ọdún náà tó parí, Captain Pearce àti Dókítà Morrison ti kú ní ojú ọ̀nà. Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní Sókótó ní 1827. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba odò Ọya lọ, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Nínú nǹkan bí 150 òyìnbó tí ó lọ, àwọn tí ó kú lé ní 40. Síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun àtiwá. Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Crowther àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1845, ọdún tí wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ṣì ń fi han àlejò títí di òní.

Ní 1854 ni nǹkan yí padà. Dókítà William Baikie gba odò Ọya lọ nínú ọkọ̀ Pleiad, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lo kuníìnì kí ibà tó kọ lù wọ́n rárá. Àwọn òyìnbó 12 tí ó bá ọkọ̀ náà lọ ni ó padà láàyè. Kì í ṣe pé ara wọn le ju ti àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ. Wọ́n gbáradì kí ọ̀tá tó dé ni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí ibà yìí kò fi pa àwọn ọmọ onílẹ̀ run? Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ọmọ tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ibà ń ṣe léraléra tí kò sì kú, ara rẹ̀ a máa kọ́ ìjà náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dàgbà, ibà lè dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á. Àgbàlagbà tí ó ń tukọ̀ lórí ọ̀sà ní ọjọ́ kẹta tí ibà fi í sílẹ̀, ó yè nínú ohun tí ó pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kékeré ni. Ọ̀pọ̀ ibojì ọmọdé ni wọ́n fi ra ara líle tí àlejò ń rí lára àgbà.

Èdè Yorùbá pa ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ nínú orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ tí ó jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, tí ó lé Akíntóyè kúrò lórí oyè títí Akíntóyè fi wá forí pamọ́ sí Àgbádárìgì, orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kò sí ọkọ́ mọ́ láti fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ. Àwọn onímọ̀ ti wá rí apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1954, A. C. Allison fi hàn pé ẹni tí ó bá jogún irú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo a máa ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ni ó ní in. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ìrora egungun àti àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa bá a fínra. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ààbò tí ó gba ọmọ kan là ni ó di ìjìyà fún àbúrò rẹ̀.

Ààrò kìíní ni ibi tí a ń gbé. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi rò pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni ó ń fa ibà. Ní 1897, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun náà sì jẹ́ dókítà, mú ìmọ̀ yìí lò. Ó mú kí wọ́n máa fa omi irà gbẹ, ó pín kuníìnì, wọ́n sì gbẹ́ ipa odò kan ní Èkó tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kiri. Wọn a yọjú sínú àmù bóyá tanwíji ń bẹ nínú rẹ̀, wọn a wo ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó hù tàbí agolo òfìfo gba omi òjò dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra wọn nítorí owó ìtanràn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá nínú àmù náà ni ó ń sọ obìnrin di ọlọ́fọ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Kò sì sí bí agbo ilé kan ṣe lè gbá àyíká rẹ̀ mọ́ tó, bí omi ìdọ̀tí bá dúró ní ilé kejì, ẹ̀fọn kò mọ ààlà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ààrò kejì ni oúnjẹ àti ìṣe ojoojúmọ́. Oúnjẹ etí òkun Àgbádárìgì kò fi ara pamọ́ fún ẹni tí ó bá mọ oúnjẹ: ẹja tútù àti ẹja yíyan, edé, àgbọn, ẹ̀wà, epo pupa, tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ẹbòlò. Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé fítámì A tí ó wà nínú epo pupa àti ẹ̀fọ́ ṣe pàtàkì fún ọmọdé, nítorí ọmọ tí kò bá ní i tó, èèyi, àrùn ọmọdé tí ń sú sí ara, a máa ṣe é léṣe púpọ̀, ó sì lè fọ́ ọ lójú. Iṣẹ́ ọkọ̀ títù àti àwọ̀n fífà ń na iṣan ara. Oorun tí wọ́n ń tètè sùn ń fún ara ní ìsinmi. Àgbo náà ní àyè tirẹ̀: ewé ọ̀rúwọ̀, ewé ìbẹ́pẹ, epo igi ahùn àti ti awọ́pa. Dóńgóyárò tí gbogbo ènìyàn ń sè fún ibà lónìí kì í ṣe igi àbáláyé; láti ìhà Íńdíà ni ó ti wá. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa kì í kọ ohun àjèjì bí wọ́n bá rí i pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣà ni ó tọ̀nà. Ní àwọn ilé kan, wọn a fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù, wọn a ní kò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú yìí gan-an ni ààbò àkọ́kọ́ tí ìyá ń fún ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, àrùn kan wà tí oúnjẹ dáradára àti àgbàlá mímọ́ kò lè dá dúró. Yorùbá kì í pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀-gbígbóná. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Ògù, Sàkpátá tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni àrùn náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ti Ṣọ̀pọ̀ná ní ọ̀dọ̀ Yorùbá. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó bá kọ lù, ó lè pa mẹ́ta. Ẹni ńlá kò bọ́, olówó kò bọ́, alágbára kò bọ́. Ohun tí ó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe. Àwọn àgbà kò jókòó tẹtẹrẹ níwájú rẹ̀. Wọ́n fi òfin de ìlù àti àpéjọ, wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀, ẹni tí Olóde ti bá jà rí tí ó sì yè ni wọ́n gbà pé ó yẹ láti súnmọ́ ọn, nítorí kì í sábà bá ènìyàn jà lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ pé ara a máa rántí ọ̀tá tí ó ti ṣẹ́gun rí ti wà nílẹ̀ kí ilé ìwòsàn tó dé.

Ní ibì kan náà ni ìbàjẹ́ ti wọlé. Àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ń sin òkú ẹni tí àrùn náà pa, òun ni ó sì ń kó ẹrù rẹ̀. Ibi tí ikú bá ti di èrè, ó ṣòro kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn mọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896, fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ náà láti mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé Sàpárà kò kórìíra ìṣẹ̀ṣe. Ó kọ orúkọ òyìnbó tí ó ń jẹ́ sílẹ̀, aṣọ ìbílẹ̀ ni ó sì ń wọ̀. Ẹ̀tàn ni ó bá jà.

Èépá tí wọ́n fi ń pani yìí kan náà ni àwọn mìíràn fi ń gbani là. Ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹrú kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Onesimus sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé wọ́n ti sín òun ní gbẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná ní ìlú òun, àrùn náà kò sì lè ṣe òun mọ́. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1721, wọ́n dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n sín ní gbẹ́rẹ́, nǹkan bí méjì ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí àrùn fúnra rẹ̀ mú, nǹkan bí mẹ́rìnlá. Ní 1796, Edward Jenner fi ti màlúù, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, dípò ti ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi bá a mu rẹ́gí. Àjẹsára ni ohun tí a jẹ sí ara sílẹ̀ de ibi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, kò sí ẹni tí ó ní láti ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún un.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ní agbègbè Ògòjà, abẹ́rẹ́ kò tó fún gbogbo ènìyàn. William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá abúlé tí àrùn wà kàn, wọ́n sì gún àwọn tí ó yí aláìsàn ká. Ọgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn, kí á mọ ibi tí Olóde wà kí á sì sé e mọ́ ibẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní ọwọ́. Ní 1967, iṣẹ́ náà gba orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà kan. Láìka ogun abẹ́lé sí, oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni a rí aláìsàn ṣọ̀pọ̀ná ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé.

Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjà àtijọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ta omi ewé inú ìgò, wọ́n ní ẹni tí ó bá mu ún kò nílò ohun mìíràn mọ́. Àwọn mìíràn rò pé bí abẹ́rẹ́ bá ti dé, ọwọ́ fífọ̀ ti parí. Ìtàn Àgbádárìgì ti dá àwọn méjèèjì lóhùn. Oúnjẹ tí ó dára ń fún ara ní agbára láti jà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀tá hàn án. Abẹ́rẹ́ fi ọ̀tá hàn án, ṣùgbọ́n kò gbọ́n omi inú agolo dànù. Ẹni tí ó bá sì ń ta ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun ni gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí á wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa bí Sàpárà ti wo ọwọ́ àwọn àwòrò.

Ibà kò tíì tán ní etí òkun náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Nàìjíríà fọwọ́ sí àjẹsára ibà tí a ń pè ní R21. Yóò ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí ó bá ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, tí ó ń jẹun dáadáa, tí wọ́n sì ń gbá àyíká rẹ̀ mọ́, ju bí yóò ti ṣe fún ọmọ tí ó ní àjẹsára nìkan lọ. Bí àwọn ìyá bá gbé ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà kalẹ̀ fún ọmọ wọn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ yóò di orúkọ tí a ń ka nínú ìwé ìtàn nìkan, tí ìyá kankan kò ní fi bẹ ọmọ rẹ̀ mọ́.