Pèrègún, Sọ́fè àti Kọ̀ǹpútà: Ta ni ó ni Àwòrán Ilẹ̀ Wa?

Kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti mọ ààlà oko wọn. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí i, nítorí pèrègún kì í tètè kú, ewé rẹ̀ kò sì fara jọ ewé igi oko mìíràn. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà yóò lọ sí ìdí rẹ̀, wọn yóò rò bí ó ti rí, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Àwòrán ilẹ̀ ìgbà náà wà ní orí àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ń san owó kí ó tó wò ó. Ìgbà tí ilẹ̀ di ohun tí a ń fi ìwé tà ni ọ̀rọ̀ yí padà, láti ìgbà náà ni a sì ti ń bèèrè pé: ta ni ó ni àwòrán náà, ta ni ó sì ni irinṣẹ́ tí a fi yà á?

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Herbert Macaulay sí olóṣèlú tí irunmú rẹ̀ nà bí ìwo màlúù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rántí pé awọnlẹ̀ ni kò tó nǹkan. Ní ọdún 1890 ni ìjọba Èkó rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ní 1893 ó padà wálé, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ọba. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń ṣe awọnlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìjọba gba ilẹ̀ Apápá ní 1913, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tíjání, sì gbé ẹjọ́ náà títí dé òkè òkun. Ọkùnrin tí ìjọba fi owó ara rẹ̀ kọ́ yìí gan-an ni ó bá olóyè náà lọ sí London ní 1920. Ní 1921 ni ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ọba níbẹ̀ dá Olúwa láre pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dúró fún onílẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lásán. Mo máa ń rò ó pé bí Macaulay kò bá mọ àwòrán ilẹ̀ ìjọba kà, bóyá ni yóò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí Omole wà (bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sí ara pátákó ni mo kọ ọ́, n ó padà sórí ọ̀rọ̀ àmì rẹ̀) jẹ́ ilẹ̀ oko ní ìgbà ayé Macaulay. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, àwọn bíi J. K. Coker sì ń gbin kòkó ní agbègbè Agége tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn ni Ìkẹjà wà nígbà tí wọ́n pa ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù May 1967 ni ó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó, ní 1976 sì ni ó di olú-ìlú rẹ̀. Oko di ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ fa ènìyàn, ènìyàn ń wá ilé, ni àwọn ẹ́sítéètì bíi Omole Phase 1 àti Phase 2 fi dé. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Lónìí, ẹni tí ojú rẹ̀ là kì í ra plọ́ọ̀tì láti Òjódù dé Agídíngbì láìbèèrè ìwé sọ́fè, yóò sì fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ní Àlàúsá bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ètò inú rẹ̀ ti wá. Ní 1969 ni Jack Dangermond àti Laura aya rẹ̀ dá Esri sílẹ̀ ní Redlands, California. Ní 1982 wọ́n gbé ARC/INFO jáde fún títà, òun ni ó bí ArcGIS. Ní àárín àwọn ọdún 1980 kan náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń ṣe tiwọn tí ń jẹ́ GRASS, kí wọ́n lè máa tọ́jú ilẹ̀ tí ó wà níkàáwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì gbà á tọ́, wọ́n sì fi í sí abẹ́ láísẹ́ǹsì GNU ní 1999. Ní 2002 ni Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ QGIS. ILWIS, tí ilé ẹ̀kọ́ ITC ní Netherlands ń tà tẹ́lẹ̀, di èyí tí gbogbo ayé lè gbà ní 2007. Ẹni tí ó bá ń wí pé ohun tí a kò fi owó rà kò lè jẹ́ ojúlówó, kí ó rántí pé inú àgọ́ ológun àti ilé ẹ̀kọ́ gíga ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín dùn mọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí a kò san owó fún àti ẹni tí kò sí nínú ìdè. Richard Stallman, tí ó kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu fi ń kan án. Yorùbá kò ní ìṣòro náà: ọ̀fẹ́ wà lọ́tọ̀, òmìnira wà lọ́tọ̀. Google Earth jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òmìnira nínú rẹ̀; a kò lè ṣí inú rẹ̀ wò, bí onílé bá sì ti ilẹ̀kùn ní ọ̀la, ìta ni a ó wà. QGIS jẹ́ ọ̀fẹ́, òmìnira sì wà nínú rẹ̀: a lè ṣí i, a lè tún un ṣe, a tilẹ̀ lè san owó fún ẹlòmíràn láti bá wa tún un ṣe. Àwọn tí ń pè é ní ohun ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀, ti gbàgbé ìdajì tí ó tóbi jù.

Owó náà kì í ṣe ohun kékeré o. Dọ́là ni a fi ń ka owó láísẹ́ǹsì òkèèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kí oṣù February 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Awọnlẹ̀ tí ó ní ọ́fíìsì kékeré ní Omole, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san náírà, bá ohun kan náà ní ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹni tí ń tà á fi kọ́bọ̀ lé e. Ohun tí ó sì ti bo owó yìí mọ́ wa lójú ni ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni kò mọ iye tí a ń ta ArcGIS, nítorí inú fláàṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ti bá a. A ń pè é ní ọ̀fẹ́, olè ni. Ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì fẹ́ pa òfin mọ́, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀ pé irinṣẹ́ tí òun fi ọdún márùn-ún kọ́ kì í ṣe tòun.

Síbẹ̀ n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun títà. Nígbà tí Abuja dá AGIS sílẹ̀ ní 2003 láti kó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìlú náà sínú kọ̀ǹpútà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí a lè pè ní òru bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀, ẹni tí a sanwó fún ni ó sì máa ń tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n olówó náà ní òpin tirẹ̀. Esri yan ọjọ́ 1 oṣù March 2026 gẹ́gẹ́ bí òpin àtìlẹ́yìn fún ArcMap, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn awọnlẹ̀ wa fi kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó fi owó rà á kò lè sọ pé rárá.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè ṣe fún wa. Lórí òpó ìwọ̀n L40 tí ó wà ní Minna ni àwọn ìwé sọ́fè àtijọ́ ní Nàìjíríà dúró. GPS inú fóònù dúró lórí WGS84. Bí ènìyàn bá gbé nọ́ńbà Minna ka orí WGS84 ní Èkó láìyí i padà, ilẹ̀ náà yóò sún tó nǹkan bí 100 mítà. Plọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn mítà 18 sí 36. Ẹ ṣírò iye ojúlé tí yóò fò kọjá. Ilẹ̀ Lágbájá yóò bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Tàmẹ̀dò, àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò sì dé. ArcGIS mọ bí a ti ń yí i padà, QGIS náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò bá ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí a yí i ṣe é. Nítorí irú èyí ni mo ṣe ka ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1972, sí ohun tí ó ṣe iyebíye ju láísẹ́ǹsì èyíkéyìí lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà nìkan kọ́, ohun tí a fi sínú rẹ̀ náà ńkọ́? Ní 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní London, nítorí pé àwòrán ilẹ̀ tí owó ìlú Gẹ̀ẹ́sì yà, wọ́n tún ń tà á fún ará ìlú. Ní 2019 ó kan Èkó: Code for Africa àti àwọn Humanitarian OpenStreetMap Team bá àwọn ọ̀dọ́ Mákòkó ṣiṣẹ́, wọ́n fi dróònù ya àdúgbò orí omi náà, wọ́n sì fi ọ̀nà omi àti ilé sí orí àwòrán tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tẹ́lẹ̀. Ìjọba ti wó ilé níbẹ̀ ní 2012. Ibi tí kò sí lórí àwòrán rọrùn láti wó.

Mo ṣe ìlérí láti padà sórí ọ̀rọ̀ àmì. OpenStreetMap ní àyè lọ́tọ̀ fún orúkọ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ láìtọrọ àyè. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ irú fáìlì tí ẹ ó fi pamọ́. Shapefile, tí Esri ṣí ìlànà rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1998, ni àwọn ọ́fíìsì wa ṣì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí wọn kò bá sọ fún un pé UTF-8 ni, ó máa ń ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́, Ìkẹjà yóò sì jáde ní?k?j?. GeoPackage, tí ó jáde ní 2014 tí QGIS àti ArcGIS sì ń ṣí, máa ń gbé àmì náà dé bí a ti kọ ọ́.