Òkété Wọ Ọgbà: Bí A Ṣe Lè Lé E Nínú Ilé Tó Bá Igbó Pààlà ní Àgbádárìgì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá aládùúgbò mi kú. Mọ́tò ò kọ lù ú, ejò ò bù ú jẹ. Ìyókù òkété ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ọgbà, òkété tó ti jẹ májèlé eku. Ẹni tó da májèlé yẹn ò gbèrò ibi, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ni òkété ń wú jẹ lóròòru. Mi ò lè dá a lẹ́bi jù, torí èmi náà ti ra irú májèlé yẹn rí, mi ò kàn tíì tú u ni. Látìgbà náà làwọn èèyàn àdúgbò ti ń bi mí lórí WhatsApp pé kí wá ni káwọn ṣe. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ sójú kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹran náà. Òkété kì í ṣe eku ilé tó dàgbà jù. Cricetomys gambianus lorúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ó máa ń wúwo tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìru rẹ̀ gùn, ìdajì ìru náà sí ìsàlẹ̀ sì funfun. Ó ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń ru oúnjẹ lọ sínú ihò. Ìyẹn ló fà á tí ẹ ó fi rí i pé ẹyìn tí ẹ kó sílẹ̀ lálẹ́ ti pòórá láàárọ̀, tí ẹ ò sì rí èèpo kankan nílẹ̀. Kì í jẹ ẹ́ síbẹ̀, ó kó o lọ sí yàrá ni. Inú ihò rẹ̀ ní ibi ìkóúnjẹsí, ó ní ibi oorun, ó sì sábà máa ń ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ọ̀sán ni tiẹ̀ láti sùn, òru ni tiẹ̀ láti ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tiwa ní Àgbádárìgì pọ̀? Ohun tí mo rí rèé. Ilẹ̀ wa níbí, láti ẹ̀bá òkun títí dé ọ̀sà, iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iyanrìn ò le láti gbẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ tó wà níta ọgbà, irà ni. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á kún ihò tó bá wà níbẹ̀. Kí làwa wá ṣe nígbà tí a fẹ́ kọ́lé? A fi ọ̀pọ̀ tírípà iyanrìn gbé ilẹ̀ tiwa ga. Àwa fúnra wa la mọ òkè gbígbẹ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò fún òkété, a tún gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbọn yí i ká. Ẹ wo ìdí ilé yín, ẹ wo ẹ̀bá sọkawé, ẹ wo abẹ́ tánkì omi: ibẹ̀ lẹ máa bá a.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú ìyọnu yìí. Gopher ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ó kéré sí òkété dáadáa, kò sì bá a tan, ṣùgbọ́n òun náà ní àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti máa ń fa gbòǹgbò ewébẹ̀ wọlé. Ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá sí i wúlò fún wa: kí wọ́n tó gbin nǹkan, wọ́n á tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin sí ìsàlẹ̀ ebè. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ọ̀mùnú àgbọn mẹ́ta. Mo fi nẹ́ẹ̀tì yí ìdí wọn ká, mo rì í wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Òkété ò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ọ̀kan tí mi ò fi nǹkan yí ká, ó jẹ èso inú rẹ̀ tán pátápátá.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mọ ihò tó ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ewé gbígbẹ dí gbogbo ẹnu ihò tí ẹ rí, kó má le jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èyí tó bá ti ṣí, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ẹ ṣe é fún òru méjì. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ fi àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré dí i pa. Iyanrìn nìkan ò ṣiṣẹ́, òru kan ló máa fi tú u.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú oúnjẹ kúrò. Mo mọ̀ pé èyí ò dùn-ún gbọ́ tó pàkúté, àmọ́ òun ló ṣiṣẹ́ jù fún mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹyìn àti àgbọn tó já sùn nílẹ̀. Ẹ dé ike ìdọ̀tí. Ẹ má to búlọ́ọ̀kù àti pákó tó ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìnkùlé fún ọdún mẹ́ta nítorí pé “a ṣì máa kọ́ BQ.” Kí ẹ sì ro koríko tó yí ògiri ká, nínú àti níta, kó tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 tó bá ṣeé ṣe. Òkété ò fẹ́ràn kó máa sáré kọjá lójú gbangba, òwìwí ń bẹ lókè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ògiri, kó sọ fún bíríkìlà pé kó wa ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì. Àwọn kan níbí á to búlọ́ọ̀kù sórí iyanrìn lásán, wọ́n á ní àwọn ti mọ ògiri.

Ó wá kan pàkúté. Àwọn bàbá wa lo ẹbìtì, ẹyìn ni wọ́n sì fi ń dẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ẹbìtì tí kò bá pa eku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹyìn náà ṣì ni mo ń lò, tàbí àgbọn tí mo yan díẹ̀. Tí ẹ bá ní ọmọ kékeré tàbí adìyẹ nínú ọgbà, pàkúté onírin tó ní eyín ò yẹ yín. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já lulẹ̀. Ẹ gbé e sójú ọ̀nà tó ń gbà, lẹ́bàá ògiri, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì lọ wò ó kí oòrùn tó mú. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, eyín rẹ̀ ò mọ ọ̀gá.

Àwọn ọmọdékùnrin máa ń fẹ́ fi èéfín ata lé e jáde, kí ajá àti àdá dúró lẹ́nu ihò kejì. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ihò tí òkété ti kúrò, ejò lè ti gbà á. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò. Mi ò ní tún un sọ.

Májèlé ńkọ́? Ní 2019, àjọ NAFDAC ní kí wọ́n má ta Sniper inú ìgò kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ọjà gbangba mọ́, torí àwọn tó ń gbé e mu. Oògùn kòkòrò tiẹ̀ ni, kì í ṣe ti eku, síbẹ̀ àwọn kan ń pò ó mọ́ ẹja láti fi pa òkété. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkété kì í sábà kú síbi tó ti jẹ májèlé. Ó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé inú igbó kó tó ṣubú. Ajá lè rí i, òwìwí lè gbé e. Èèyàn náà lè rí i: ẹ̀yin náà ń rí òkété yíyan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ta ló máa bi ẹni tó ń tà á pé ṣé pàkúté ló pa á ni? Èmi ò jẹ ẹ́ mọ́ àfi tí mo bá mọ ẹni tó mú un, ìyàwó mi sì ní mo ń ṣe àṣejù.

Nípa àìsàn, ẹ má da nǹkan pọ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè ní 1969, eku kékeré kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé e kiri jù, Mastomys natalensis, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkété náà ò mọ́ tónítóní. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ẹran kan láti Ghana lọ Amẹ́ríkà, òkété wà lára wọn, àrùn mpox bá wọn wọ̀lú, èèyàn tó lé ní 40 ló sì kó o lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba wọn fòfin de kíkó irú eku Áfíríkà bẹ́ẹ̀ wọlé. Torí náà, ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi gbé òkú rẹ̀, ẹ rì í jìn, kí ẹ fi omi àti jíìkì fọ àgò náà.

Òkété náà kúkú níṣẹ́ tó ń ṣe. Ìbátan rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Magawa, tí wọ́n bí ní Tanzania, fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ ní Cambodia, ó rí èyí tó lé ní 100, wọ́n sì fún un ní ẹ̀yẹ góòlù ní 2020. Nínú igbó, èso tó rì mọ́lẹ̀ tó sì gbàgbé máa ń hù. Èyí ló fà á tí mi ò fi lé tiwa kọjá ògiri wọ inú igbó lọ́hùn-ún.

Ihò márùn-ún ni mo bá nínú ọgbà mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo ti dí mẹ́rin. Ìkarùn-ún wà lábẹ́ tánkì, ó ṣì ń ṣí lóròòru. Wẹ́dà ní àgò mi á parí lọ́jọ́ Sátidé.